Kásẹ́ẹ̀tì mọ ibi tó dúró, ẹ̀rọ tiyín ńkọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní LAUTECH, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi méjì fẹ́ ṣe ẹ̀rọ orin kékeré kan tí èèyàn lè fi sápò, iṣẹ́ àṣekágbá wa ni. Ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè fún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní: ohùn tó mọ́ ju ti síídì lọ, Bluetooth tuntun, ojú aláwọ̀ mèremère, ẹ̀rọ tó ń yan orin fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, kí ni wọ́n ń fẹ́ gan-an? Kí ni ká fi sí i, kí ni ká yọ sílẹ̀?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí ẹ tó náwó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá kan fún ọ.

Ọmọ Àyàn ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n gbé rédíò onímẹ́mórí wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákìé, irú kékeré tí wọ́n ń pàtẹ sí etí títì, wọ́n ní kò gba iná mọ́. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo rí i pé ẹnì kan ti da gọ́ọ̀mù sórí bọ́tìnì méjì lára rẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà ti gan, ó le bí èékánná. Mo ní, "Bàbá, ọmọdé wo ló ṣe yín báyìí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èmi ni mo dà á. Ọ̀dàlẹ̀ ni bọ́tìnì yẹn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyẹn, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tí o sì tètè fi sílẹ̀, á fò lọ sórí orin tó kàn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí o ò fi sílẹ̀, ohùn á ròkè. Èkejì rẹ̀ náà ń ṣe ti ẹ̀yìn àti ti ìsàlẹ̀. Ọmọ ogún ọdún kò ní ka ìyẹn sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìka tó ti ń di kọ̀ǹgọ́ mú láti kékeré, tó ti wá ń gan díẹ̀díẹ̀, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín títẹ̀ kan àti títẹ̀ mìíràn. Bàbá á máa gbọ́ wáàsí oníwákàtí méjì, ó ti tó wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn, mọ́tò á kọjá, wọ́n á fẹ́ gbé ohùn sókè díẹ̀. Fìrì! Ó ti bọ́ sórí wáàsí mìíràn. Wọ́n á tẹ ti ẹ̀yìn kó lè padà. Á padà lóòótọ́, àmọ́ láti orí bísímílà ni. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé ohùn rẹ̀ sí ibi tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì da gọ́ọ̀mù lé méjèèjì. Bó bá pariwo jù lálẹ́, wọ́n á fi fìlà bò ó.

Ẹ̀rọ orin tí à ń fi fìlà dín ohùn rẹ̀ kù! Bí mo bá ní agbára lórí yín, màá ní kí ẹ gbé irú fìlà bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, bàbá yìí kò ní ìṣòro yìí rárá. Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn jáde lọ́dún 1963, Lou Ottens ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Lọ́dún 1979, Sony gbé Walkman dé, téèpù wọ àpò. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí o bá dá kásẹ́ẹ̀tì dúró lórí "nítorí", tí o yọ ọ́, tí o wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, tí o fi í sínú rédíò àna rẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "nítorí" ni wàá gbọ́. Kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó jókòó ṣètò èyí. Bí téèpù ṣe rí ni: ibi tí o bá ká a dé ló wà. MP3 dé, iṣẹ́ àwọn ará ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì, ó fún wa láyè rẹpẹtẹ. Ẹgbẹ̀rún orin wọ inú iPod àkọ́kọ́ tí Apple gbé jáde ní 2001, 5 GB péré ni. Lónìí, ohun tó kéré ju èékánná lọ ń gba ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí ibi tí a dúró, ó bá téèpù lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí màá fi síbẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ rántí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan dúró, kì í ṣe ti èyí tí a gbọ́ kẹ́yìn nìkan. Kí ìrántí náà sì wà lórí mẹ́mórí, kó má wà nínú ikùn ẹ̀rọ, kó lè jẹ́ pé bí bàbá bá yọ mẹ́mórí wọn lọ sínú ẹ̀rọ irú kan náà nílé ọmọ wọn, á máa bá a lọ bíi ti kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Gbogbo fláàṣì ló ní iye ìgbà tí èèyàn lè kọ nǹkan sí i kó tó gbó. Bí ẹ bá ní kó máa kọ ibi tó dé sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó kàn máa pa mẹ́mórí onímẹ́mórí ni. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ nígbà tí a bá dá a dúró, nígbà tí a bá pa á, àti bóyá lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí bátìrì bá wá kú lójijì ńkọ́? Ẹ fi kàpásítọ̀ tó tóbi díẹ̀ síbẹ̀, èyí tó máa gbé e ró títí yóò fi kọ èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ má sì máa kọ lé ojú kan náà. Ẹ ní fáìlì méjì, ẹ kọ sínú ọ̀kan báyìí, ẹ kọ sínú èkejì nígbà mìíràn. Bí iná bá lọ lẹ́nu ìkọ̀wé, ti tẹ́lẹ̀ á ṣì wà. Mo ti rí mẹ́mórí tó gbàgbé gbogbo orin inú rẹ̀ torí pé ẹnì kan fa bátìrì yọ ní àkókò tí kò yẹ.

Kí fọ́lúùmù dá dúró gedegbe. Kẹ̀kẹ́ tí à ń fi àtàǹpàkò yí ni mo fẹ́ràn, bíi ti rédíò àtijọ́, ọwọ́ mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Òótọ́ ni pé eruku ọyẹ́ máa ń wọ̀ ọ́, á wá máa ṣe ṣàràṣàrà. Ìyẹn la ṣe wà ní Tákìé.

Ohun tó tẹ̀ lé e bá ìyẹn tan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orin tí wọ́n ń ṣe lókè òkun ló gbà pé orin jẹ́ nǹkan oníṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pé "orin tó kàn" ni èèyàn máa ń fẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan àwo jùjú tàbí fújì àtijọ́ lè tó ogún ìṣẹ́jú láìsinmi, orin kan á máa wọnú èkejì. Nígbà tí wọ́n bá sì dà á sínú MP3, fáìlì kan ṣoṣo ni. Rárà, ìjálá, ewì, ìwàásù, ìnáwó tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bákan náà ni. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Jagun ní ohùn ìnáwó ìsìnkú bàbá rẹ̀ lórí mẹ́mórí, wákàtí mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ki bàbá náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ gbọ́. Ó máa ń tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ kó fi sáré lọ síwájú, á kọjá ibẹ̀, á padà, á tún kọjá rẹ̀, títí oníbàárà á fi dé.

Ẹ lè fẹ́ sọ pé kí ẹ̀rọ máa wá ibi tí ohùn ti dákẹ́, kó fi pín fáìlì sí wẹ́wẹ́. Nínú fújì? Ẹ ó wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bọ́tìnì àmì ló yẹ kí ẹ ṣe. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tó dùn mọ́ ọ, ó ti sàmì sí i. Ní ọjọ́ mìíràn, títẹ̀ kan á gbé ọ débẹ̀. Àyè fún irú àmì bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́ nínú ID3, ìyẹn àkọlé tó máa ń bá fáìlì MP3 rìn. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan fún un ní bọ́tìnì. Sísáré lọ síwájú náà, ẹ jẹ́ kó máa yára sí i bí ọwọ́ bá ṣe pẹ́ lórí rẹ̀ tó, kó sì máa jẹ́ ká gbọ́ ohùn wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀, bí téèpù ṣe máa ń ṣe, kí etí lè mọ ibi tó dé.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìlù, nígbà tó jẹ́ pé agbègbè Ọ̀yọ́ la wà. Ọmọ tó fẹ́ mọ ohun tí ìyáàlù sọ lórí àwo kan nílò kó lè gbá ibi kékeré kan mú, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, kí ẹ̀rọ máa tún un wí títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Ó tún nílò kó lè dín eré rẹ̀ kù láìjẹ́ kí ohùn wálẹ̀. Nígbà téèpù, eré àti ohùn jọ so pọ̀ ni; bí bátìrì bá ti ń kú, ìyáàlù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi màlúù tó dùbúlẹ̀. Ìṣirò ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí. Àmọ́ ẹ má dín in ju ìdajì lọ, torí bó bá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ba awọ á máa fọ́, ọmọ kò ní mọ ibi tí sílébù kan parí sí. Ẹ sì bá mi fi ohun tí wọ́n ń pè ní "bass" sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ kò sí nínú gbìgbìgbì ìsàlẹ̀, àárín ló wà. Bí ẹ bá gbé ìsàlẹ̀ sókè lórí sípíkà tí kò ju ẹnu ife tíì lọ, gbígbọ̀n lásán ni, ọ̀rọ̀ á sọnù.

Ti àkọlé orin wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í to fáìlì ní a, b, d. Bí wọ́n ṣe dà wọ́n sórí mẹ́mórí ni wọ́n ṣe ń kọ wọ́n, ìdí nìyẹn tí apá kẹta wáàsí fi máa ń ṣáájú apá kìíní tí oníbàárà á fi máa rò pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ tò wọ́n, kí 10 má sì ṣáájú 2. Ẹ̀rọ mìíràn á gé àkọlé "Oriki Baba" kù sí ORIKIB~1, tí mẹ́ta bá sì wà, ORIKIB~2, ORIKIB~3. Lọ mọ èwo ni ti bàbá rẹ. Èyí tó tún ń dùn mí ni pé bí èèyàn bá kọ Yorùbá dáadáa, tó fi àmì sí i, àpótí òfìfo ló máa ń jáde lójú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ọ ní àyè tirẹ̀, ò náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tí kò mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó kọ àpótí. Ẹ dán orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ wò lójú tiyín kí ẹ tó dán nǹkan mìíràn wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń sọ yìí kì í ka ojú ẹ̀rọ rárá, ojú wọn kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Rockbox, tí àwọn èèyàn máa ń fi rọ́pò ètò inú ẹ̀rọ orin. Ó máa ń rántí ibi tí nǹkan dúró, ó sì máa ń pe orúkọ ohun tí ọwọ́ bá wà lórí rẹ̀ fún àwọn afọ́jú. Ẹnikẹ́ni ló lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ lọ wò ó. Ẹ lè fi ohùn ara yín gba orúkọ fóldà sílẹ̀: "Wáàsí." "Fújì." "Ìnáwó Bàbá." Bí màmá àgbà bá gbọ́ tí ohùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pe orúkọ fóldà, ẹ kò ní nílò ojú aláwọ̀ kankan, owó ojú náà á sì bọ́ sọ́wọ́ yín fún bátìrì.

Bátìrì ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ béèrè. "Ṣé ó ń gba iná dúró?" Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lo BL-5C, bátìrì fóònù Nokia àtijọ́, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ á sì ṣeé ṣí láìsí irinṣẹ́. Ó wà ní gbogbo ìsọ̀ fóònù, èèyàn lè ní méjì, kó máa fi ọ̀kan gba iná nígbà tí iná bá dé, kó máa gbọ́ rédíò lórí èkejì. Ẹ má jó bátìrì mọ́ bọ́ọ̀dù. Àwọn ará Yúróòpù gan-an ti ṣòfin pé láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, ẹni tó ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. A ti mọ ìyẹn níbí láti ìgbà bátìrì rédíò àtijọ́.

Kí ló wá ṣe rédíò bàbá? Ẹnu tó ń gba iná ló já kúrò lára bọ́ọ̀dù. Micro-USB ni, pẹlẹbẹ, lẹ́ẹ̀dì díẹ̀, ìyẹn òjé tí a fi ń jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tó dé ọ̀dọ̀ mi, àìsàn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ lo USB-C, kí ẹ yan irú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gba inú bọ́ọ̀dù kọjá sí òdìkejì. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa, torí ó ti mú àwọn tó gbọ́n jù yín lọ: ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 5.1 kΩ méjì síbẹ̀, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ CC kọ̀ọ̀kan (ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń sọ fún ṣájà pé òun fẹ́ iná), kí òdìkejì wọn lọ sí ilẹ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn "ground". Láìsí wọn, wáyà tó ní C lórí méjèèjì kò ní fún un ní iná rárá. Oníbàárà á rò pé ẹ̀rọ ti kú. Nǹkan tí owó rẹ̀ kò tó ti ẹ̀pà ni rẹ̀sísítọ̀ yìí, mo sì ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n torí rẹ̀ sọ sí ààtàn.

Ohùn tó mọ́ ju ti síídì lọ, ẹ fi sílẹ̀. Síídì ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn sì tó láti kó gbogbo ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, torí etí tó yá gágá kì í kọjá nǹkan bíi 20,000 Hz. Tèmi tó ti bá jẹnẹrétọ̀ gbé pẹ́, kò dé ibẹ̀ mọ́. Orin tó wà lórí mẹ́mórí àwọn èèyàn wa, láti fóònù dé fóònù ló ti wá, 128 kbps (iye dátà ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá da irú rẹ̀ sínú FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù, ẹ̀kọ olómi lo bù sínú àwo tánganran. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ lè ka FLAC nítorí ẹni tó fẹ́ tọ́jú àwo bàbá rẹ̀, ó parí.

Bluetooth dára, ẹ fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ yọ ihò íàpíìsì. Walkman àkọ́kọ́ ní ihò méjì, kí èèyàn méjì lè jọ gbọ́ ọ, ó sì ní bọ́tìnì kan tó ń dín orin kù kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbà tó yá. Ẹ bá mi dá ihò kejì padà. Mo mọ tọkọtaya kan tó ń jà lórí rédíò kan ní gbogbo òru ààwẹ̀.

Rédíò FM gbọ́dọ̀ wà, láti 87.5 títí dé 108, kó sì lè gba ètò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní aago tí a bá dá fún un. Ọ̀rọ̀ sísọ kò nílò ju 64 kbps lọ, wákàtí kan kò ní tó 30 MB. Mẹ́mórí 8 GB á gba ju wákàtí 250 lọ. Ẹ sì jẹ́ kó lè ka exFAT, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí mẹ́mórí, torí mẹ́mórí tó bá ti ju 32 GB lọ, bó ṣe máa ń wá nìyẹn, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju FAT32, ọ̀nà àtijọ́, lọ kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀. (Mẹ́mórí 64 GB tí owó rẹ̀ bá kéré jù, ẹ da orin kún un pátápátá kí ẹ tó gbà pé 64 ni. Mo ti rí 8 tó wọ aṣọ 64.)

Ọ̀rọ̀ etí kan ṣoṣo: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní èèyàn lè gbọ́ 80 dB (òṣùwọ̀n ariwo) fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bó bá dé 90 dB, wákàtí 4 péré ni. Ẹ jẹ́ kí ohùn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ níbi tó lọ sílẹ̀ nígbà tí a bá tàn án, ibi yòówù kí kẹ̀kẹ́ fọ́lúùmù wà, kó má jẹ́ ibi tí aburú ọmọ kan fi í sí lánàá.

Mo ti jó ẹnu tuntun mọ́ rédíò bàbá. Mo fẹ́ fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù náà kúrò, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá ti jó àkọ́kọ́ tiyín pọ̀, ẹ gbé e wá sí Tákìé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, bàbá máa ń jókòó sí ìta ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Màá gbé e lé wọn lọ́wọ́, mi ò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀yin náà ẹ má ṣàlàyé. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n béèrè gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, ẹ gbé e padà sí Under-G, ládùúgbò LAUTECH yín.